Ẹ̀ka Tútù Orí Ìtí Kẹwàá

Ẹ gbé mi sílẹ̀ níbí. Níbí gan-an, láàárín ilẹ̀ ìpakà, kí n lè rí ẹnu ọ̀nà méjèèjì. Ẹ ṣeun. Ẹ fi ọ̀pá yẹn sí ẹ̀gbẹ́ mi, mo ṣì máa lò ó. Mo mọ̀ pé orin lẹ fẹ́ kọ. Mo mọ̀ pé Fada ti gbé omi ìwẹ̀nùmọ́ wá, ọtí ọkà sì ti wà nínú àgbá lẹ́yìn ògiri. Orin á dúró. Ọtí ò ní sá lọ. Ohun tí mo fẹ́ sọ ti há mi lọ́fun bí eegun ẹja, mo sì ti ń jẹun yí i ká láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ti dúdú. Òní ló máa jáde. Bó bá fẹ́ fa ẹ̀jẹ̀, kó fà á.

Ère yẹn ló fà á. Láàárọ̀ yìí ni Tovi agbẹ́kùúta gbé e wá hàn mí, inú rẹ̀ ń dùn bí ajá tó rí olúwa rẹ̀. Ó ní, “Bàbá Hamo, ẹ wo ara yín!” Mo wo ara mi. Ọkùnrin kékeré kan ni, ó gbé ìtí ọkà lé èjìká, ó fara ti ọ̀pá, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ ká bí ẹsẹ̀ adìyẹ tí òtútù mú. Wọ́n ní òkè ẹnu ọ̀nà àká yìí ni wọ́n máa gbé e sí, kí gbogbo ẹni tó bá ń wọlé lè rí olùṣọ́ tó ṣe olóòótọ́, arọ tó ń rọ́ ẹsẹ̀ láti oko dé oko nítorí Ọlọ́run. Gbogbo yín pàtẹ́wọ́. Inú bí mi. Inú ṣì ń bí mi. Olóòótọ́ wo? Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín? Èmi ni. Ẹsẹ̀ ni mo fi sọ ọ́, ẹ sì gba ẹsẹ̀ gbọ́.

Rárá o, Fada Odo, ẹ má tẹ̀ síbí wá sọ fún mi létí pé kí n sọ ọ́ fún ẹ̀yin nìkan. Ní gbogbo ọdún Àjíǹde ni mo ń kúnlẹ̀ níwájú yín tí mo ń jẹ́wọ́ pé mo bú ẹnì kan, pé mo sùn lákòókò ìsìn. Ẹ̀ṣẹ̀ kéékèèké ni mo fi ń bo ńlá, bí ẹni fi ìyàngbò bo ihò. Ọlọ́run ti mọ̀ láti ọjọ́ kìíní. Àwọn wọ̀nyí ni kò mọ̀. Ìwọ náà, Arákùnrin Benet, tí o di kọ́kọ́rọ́ àká mú, má sọ fún wọn pé mò ń ṣarán. Ẹni tó ní kí wọ́n gbẹ́ mi sí òkúta ló ń ṣarán. Godit, má jáde. Jẹ́ kí ìgbálẹ̀ dúró. Dúró síbi tí mo ti lè rí ọ. Ọ̀rọ̀ yìí, tìẹ ni ju ti ẹnikẹ́ni lọ.

Mi ò bá àká jà. Ẹ ti jó ijó ìgbéyàwó lórí ilẹ̀ yìí. Ẹ ti sá òjò wọ ibí pẹ̀lú àgùntàn yín. Nígbà òtútù, tí ilẹ̀ bá le bí irin tí kò sí iṣẹ́ lóko mọ́, iṣẹ́ ìpakà níbí ló ń bọ́ ìdajì abúlé. Àwọn ìyá yín fẹ́ ọkà nínú atẹ́gùn tó ń gba ẹnu ọ̀nà yìí wọlé tó ń gba tọ̀hún jáde. Koríko àká yìí lẹ fi bo ilé, òun lẹ sùn lé, orí rẹ̀ ni wọ́n bí púpọ̀ nínú yín sí. Àlejò ń ti ọ̀nà jíjìn wá, wọ́n á gbójú sókè wo igi òrùlé, wọ́n á ní ó dà bí ilé ìsìn. Ó dà bíi rẹ̀ lóòótọ́. Igi ni, òkúta ni. Òun kọ́ ló purọ́.

Ẹ mọ òfin ẹ̀ka. Ẹni tó bá gé ọkà rẹ̀ tó sì dì í ní ìtí kò gbọdọ̀ gbé ẹyọ kan kúrò lóko títí olùṣọ́ àká á fi dé. Olùṣọ́ á máa rìn láàárín ìlà, á máa kà. Mẹ́sàn-án fún àgbẹ̀, ìkẹwàá fún Ọlọ́run. Á ti ẹ̀ka igi tútù bọ orí ìkẹwàá. Ìgbà náà ni àgbẹ̀ tó lè kó tiẹ̀ lọ sílé. Ẹni tó bá gbé ìtí kan ṣáájú ẹ̀ka, ó ti ja Ọlọ́run lólè. Lọ́dún tí oòrùn bá ràn dáadáa, òfin yẹn kì í ni ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n lọ́dún òjò, ọ̀bẹ ni. Èmi ni mo di èèkù rẹ̀ mú.

Warin ń kọ́? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Àwọn tó mọ̀ ọ́n nínú yín ti kọ́ bí wọn ò ṣe ní dárúkọ rẹ̀. Etí odò ni oko rẹ̀ wà. Ọkùnrin gíga ni, ẹlẹ́rìn-ín, aláwàdà. Bó bá wọlé ọtí, àwọn tó fẹ́ máa lọ á tún padà jókòó. Èmi kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń padà jókòó tì. Ẹ jẹ́ kí n sọ àṣà burúkú kan tó wà lọ́wọ́ àwa olùṣọ́ àká. Òfin ló ní kí a mú ìkẹwàá, ṣùgbọ́n ibi tí a ti máa bẹ̀rẹ̀ kíkà, ọwọ́ wa ló wà. Mo máa ń wo ìlà látòkèèrè, mo máa ń rí ìtí tó sanra, mo sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ìkẹwàá á fi bọ́ sórí rẹ̀. Gbogbo àgbẹ̀ mọ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ. Àfi Warin.

Ọjọ́ tí a rẹ́ irun àgùntàn tán ni, nílé ọtí, tí gbogbo abúlé pé. Ó dìde, ó ká apá sẹ́yìn bí mo ṣe máa ń ká a, ó sì ń rìn lọ síwájú àwọn obìnrin tó jókòó lórí àga gígùn. “Ẹ̀yin ará,” ó ní, “ẹ wá wo ìṣirò Hamo. Tín-ín-rín. Tín-ín-rín. Ìyẹn náà, tín-ín-rín. Ẹ jọ̀wọ́, Màmá, ẹ sún díẹ̀, ẹ fẹ́ ba ìṣirò jẹ́.” Ó dé ọ̀dọ̀ ìyàwó onílé ọtí, obìnrin tó tóbi ju ọkọ rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ṣí fìlà, ó fi dé e lórí. “Ti Ọlọ́run rèé!” Ìyàwó onílé ọtí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Gbogbo ilé wó fún ẹ̀rín. Láti ọjọ́ náà, orúkọ mi di Hamo Ti-Ọlọ́run-Ló-Sanra. Àwọn ọmọdé fi ń kọrin lẹ́yìn mi. Àwọn kan nínú yín tó ti hewú báyìí kọ ọ́. Òótọ́ ni Warin sọ, ìdí tó fi dùn mí nìyẹn. Ká ní irọ́ ni, ǹ bá bá wọn rẹ́rìn-ín.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni òjò wá. Àwọn àgbà mọ ọdún tí mò ń wí. Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àlìkámà ṣì tutù, kò sì mọ̀gbà tó yẹ kó dá. Ọkà dùbúlẹ̀ lóko bí ọ̀mùtí. Àgùntàn ń jẹrà lẹ́sẹ̀ lórí ìdúró. Ìgbà ìkórè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán kí oòrùn tó yọ, ó sì yọ bí ẹni tó ṣìnà. Gbogbo abúlé sá lọ sóko, àtarúgbó àtaboyún, tàwọn ti dòjé. Wọ́n gé, wọ́n dì, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ránṣẹ́ sí mi. Hamo dà? Ẹ bá wa pe Hamo! Kò sẹ́ni tó rántí orúkọ ẹ̀fẹ̀ náà mọ́. “Ẹ̀gbọ́n Hamo” ni gbogbo wọn ń pè mí. Ó dùn mọ́ mi. Nínú gbogbo ohun tí mo jẹ lọ́dún ìyàn yẹn, kò sí èyí tó dùn tó o.

Oko Warin ló kọ́kọ́ parí. Sabina ìyàwó rẹ̀ ló wá pè mí, ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìwọ ni ọmọ náà, Godit. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n Hamo, ẹ jọ̀ọ́, tiwa ti wà ní dídì.” Mo ní, “Mò ń bọ̀.” Mo yà sí oko ẹlòmíì. Ó tún padà wá. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo ojú ọ̀run, ẹ jọ̀ọ́.” Mo ní, “Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ ni? Mo ní mò ń bọ̀.” Nígbà tó yá, Warin fúnra rẹ̀ dé. Ó ṣí fìlà. Warin tí kì í ṣí fìlà fún ẹnikẹ́ni àfi Ọlọ́run àti ìyá rẹ̀.

“Hamo,” ó ní, “ọtí ló wà lẹ́nu mi lọ́jọ́ yẹn. Bó o bá fẹ́, gbá mi létí níbí, kí gbogbo wọn rí i. Ṣáà mú ẹ̀ka rẹ wá.”

“Inú ò bí mi,” mo ní. “Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí. Mi ò lè rìn dé etí odò.”

Ó wo ẹsẹ̀ mi. Ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. “Ó yá, gùn mí. Màá pọ̀n ọ́ débẹ̀. Màá tún pọ̀n ọ́ padà.”

“Jẹ́ kí n sinmi díẹ̀. Máa lọ. Màá bá ọ níbẹ̀.”

Ó lọ. Ó gbà mí gbọ́.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ẹsẹ̀ mi ò dùn mí. Kò dùn mí rárá. Bó ṣe yí ẹ̀yìn padà ni mo ya aṣọ, mo fi wé kókósẹ̀. Mo gé igi kan lẹ́bàá ọ̀nà, mo fi ṣe ọ̀pá. Ọ̀pá tí Tovi gbẹ́ rèé. Mo lọ jókòó sábẹ́ igi kan lórí òkè, mo ń jẹ búrẹ́dì àti wàràkàṣì. Mi ò ní iṣẹ́ kankan mọ́ lọ́sàn-án yẹn. Gbogbo oko yòókù ni mo ti kà tán. Láti ibi tí mo jókòó, mo ń rí oko Warin. Mo ń rí òun àti Sabina tí wọ́n dúró láàárín ìtí wọn tí wọ́n ń wo ọ̀nà. Ìkúukùú ń kó jọ ní ìwọ̀ oòrùn. Mo rí i kí wọ́n tó rí i. Mo tún bu wàràkàṣì jẹ. Ẹ má kùn, ẹ jẹ́ kí n parí. Bí ẹ bá fẹ́ kùn, èyí tó burú jù ṣì kù.

Nígbà tí afẹ́fẹ́ yí, mo rí wọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sáré. Wọ́n ń kó ọkà sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù. Wọn ò dúró dè mí mọ́. Mi ò dúró wo ìyókù, mo lọ sílé. Òjò náà dé, ó sì rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ń dà á láti inú àgbá. Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sí oko náà. Òjò ṣì ń rọ̀. Mo ń rìn geere, nítorí kò sẹ́ni tó ń wò mí. Mo retí pé màá bá ilẹ̀ tó ṣófo. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni ìdámẹ́wàá Ọlọ́run, ó pé. Ìtí kẹwàá kọ̀ọ̀kan dúró síbi tó yẹ kó dúró, ẹ̀ka tútù wà lórí rẹ̀. Warin gé ẹ̀ka fúnra rẹ̀. Èyí tó sanra ló fi sílẹ̀ fún Ọlọ́run, bí èmi gan-an ṣe máa ń ṣe. Kò tán síbẹ̀. Ó to òkúta sábẹ́ ìtí náà kí omi má bàa dé ìdí rẹ̀, ó sì fi koríko hun nǹkan bí àkẹtẹ̀ lé orí kọ̀ọ̀kan kí òjò má bàa kan ọmọ ọkà. Òjò ń bọ̀, ọkà tiẹ̀ ń tutù nínú kẹ̀kẹ́, ó dúró hun àkẹtẹ̀ fún ti Ọlọ́run.

Ká ní ènìyàn ni mí, ìgbà yẹn ni ǹ bá kúnlẹ̀ nínú ẹrọ̀fọ̀. Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé bí mo bá gbé ìtí wọ̀nyí délé, gbogbo ènìyàn á mọ̀ pé ọkùnrin yìí mọ iṣẹ́ mi jù mí lọ, ó sì ṣe é láìgba àṣẹ mi. Wọ́n á tún rẹ́rìn-ín. Mo yọ ẹ̀ka, mo jù ú sódò. Mo gbé ìtí, mo jù ú sódò. Ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan. Mo fọ́n òkúta náà ká. Odò kún, ó ń sáré, ó gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Ọkà ni o! Lọ́dún tí àwọn ènìyàn ò ní pẹ́ máa se awọ jẹ! Lọ́dún tí ìyá ń jẹ koríko kí ọmú lè ní omi! Mo da ọkà sódò nítorí ẹ̀rín. Ẹ gbẹ́ ìyẹn sí òkúta.

Arákùnrin Ansel ló ń tọ́jú àká fún àwọn ẹlẹ́jẹ̀ẹ́, àwọn arákùnrin ìjọ tó ni ín, nígbà náà. Ó ti kú, abẹ́ pẹpẹ ni wọ́n sin ín sí. Mo sọ fún un pé Warin kó gbogbo ọkà rẹ̀ lọ láìfi ti Ọlọ́run sílẹ̀. Ó tẹ̀ lé mi dé oko. Ó ń rìn lọ létí odò, ó rí ẹ̀ka kan tó há sínú koríko. Ó fà á yọ, ó yí i wò. “Ọ̀bẹ ló gé èyí,” ó ní. Mo ní, “Odò máa ń gbé nǹkan, Arákùnrin.” Ó wò mí. Ó wò mí pẹ́. Mo rí i pé ó ti mọ òótọ́. Ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀: “Àwọn ènìyàn ti ń kùn sí ìdámẹ́wàá lọ́dún yìí. Bí ẹnì kan bá gbé láìdúró de ẹ̀ka, tí a dákẹ́, lọ́dún tó ń bọ̀ gbogbo wọn á gbé.” Ó ju ẹ̀ka náà padà sómi. “Òótọ́ lo sọ, Hamo. Odò máa ń gbé nǹkan.” Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń tan àbẹ́là síbi tí wọ́n sin ín sí, ẹ máa bá a lọ. Ó nílò iná.

Wọ́n pe Warin sí iwájú ìjọ. Ó wá pẹ̀lú ọkàn tó fúyẹ́, bí ẹni tó mọ̀ pé òun ní ẹlẹ́rìí. Ó ní, “Hamo rí i. Mo fi àkẹtẹ̀ dé e lórí. Ẹ̀yin ará, ta ló máa ń dé àkẹtẹ̀ fún ohun tó fẹ́ jí?” Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbé àpótí eegun ẹni mímọ́ wa jáde kí n fi búra. Mo rọ́ ẹsẹ̀ lọ síbẹ̀, mo fara ti ọ̀pá. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ lẹ́yìn mi pé, “Ó mà ṣe o, ẹ wo bó ṣe ń rọ́jú.” Mo gbé ọwọ́ lé àpótí. Mo ní, “Mi ò rí ẹ̀ka kankan. Mi ò rí ìtí kankan.” Sabina pariwo, “Ẹ wo ojú ẹ̀! Ẹ máà wo ẹsẹ̀ ẹ̀, ojú ẹ̀ ni kẹ́ ẹ wò!” Ẹsẹ̀ ni wọ́n wò.

Gbogbo ọkà tó wà nílé Warin ni wọ́n kó wá sí àká yìí, mẹ́sàn-án-mẹ́sàn-án tó jẹ́ tiẹ̀. Wọ́n ní kó fi ìtí kọ́ ọrùn, kó dúró láìwọ bàtà sí ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn, kó sì sọ pé òun ja Ọlọ́run lólè. Wọ́n ní wọ́n á dárí jì í. Ó ní, “Ìtí ò wúwo, mo lè fi kọ́ ọrùn. Ẹnu mi ni ò lè gbé ọ̀rọ̀ yẹn.” Wọ́n lu agogo, wọ́n ju àbẹ́là mọ́lẹ̀, iná rẹ̀ kú: wọ́n lé e jáde nínú ìjọ nìyẹn. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ta búrẹ́dì fún un, ẹni tó bá kí i lọ́nà, ẹni tó bá yá a ní iná, òun náà di ẹni ìlélọ. Ẹ̀yin tó hewú, ẹ wo ilẹ̀ báyìí. Ẹ̀yin náà yí ojú padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin gbà pé olè ni. Èmi mọ̀.

Nígbà òtútù, àká yìí kún dé igi àjà. Eku ibí sanra ju ọmọ abúlé lọ. Ọ̀sán gangan ni, a ń pakà, eruku ọkà kún afẹ́fẹ́ bí ìkúukùú wúrà. Warin dé. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà yẹn, tó kọjú sí odò, kò wọlé, nítorí ẹni tí ìjọ bá lé kò gbọdọ̀ tẹ ilẹ̀ yìí. Gbogbo wa dáwọ́ dúró. Ó ti rù débi pé aṣọ ló ń wọ̀ ọ́. “Hamo,” ó ní, “mi ò tọrọ búrẹ́dì. Sọ òótọ́ nìkan. Ọmọ mi ò tíì fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀ rí.” Ọ̀kan nínú àwọn apakà bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Mo dìde, mo mú ọ̀pá, mo rọ́ ẹsẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà. Mo ti ilẹ̀kùn. Ẹ mọ ilẹ̀kùn yẹn. Ó wúwo, ó máa ń pẹ́ kó tó pa dé. Ní gbogbo ìgbà tó fi ń pa dé, ó ń wò mí. Kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ó ṣeé ṣe kí n ti sùn dáadáa láti ìgbà náà.

Ó kú kí ààwẹ̀ Lẹ́ńtì tó wọlé. Wọn ò lu agogo fún un. Ẹ̀yìn odi ìsìnkú ni wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ sí, nínú èsìsì, níbi tí wọ́n ń da òkú ajá sí. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, Sabina bọ́ bàtà, ó fi ìtí kọ́ ọrùn, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìsìn. Ó sọ ohun tí ọkọ rẹ̀ kú nítorí pé kò fẹ́ sọ. “Ọkọ mi jalè. Ọkọ mi ja Ọlọ́run lólè.” Ó sọ ọ́ kí wọ́n lè ta búrẹ́dì fún un, kí ọmọ lè jẹun. Bó ṣe ń sọ ọ́, èmi ló ń wò. Ikọ́ pa á lọ́dún kejì.

Ọmọ ló kù. Nígbà tó dàgbà tó ẹni tó lè di ìgbálẹ̀ mú, mo ní kí wọ́n jẹ́ kó wá máa gbálẹ̀ àká. Gbogbo abúlé tún yìn mí. “Hamo yìí ní àánú, ó gba ọmọ olè sọ́dọ̀.” Godit, ọmọ olè kọ́ ni ọ́. O ti gbá ilẹ̀ tí ọkà bàbá rẹ wà lórí rẹ̀. O ti ń gbé ọbẹ̀ ẹ̀wà wá fún mi láràárọ̀ láti ìgbà tí mi ò ti lè dìde. Ní àárọ̀ àná o nu ẹnu mi, o ní, “Bàbá, mo máa ń dúpẹ́ pé ẹ ò fi ẹ̀ṣẹ̀ bàbá mi wò mí.” Ọbẹ̀ náà di òkúta lẹ́nu mi. O ń gbàdúrà fún bàbá rẹ bí ẹni ń gbàdúrà fún olè. Dáwọ́ dúró. Bí ẹ̀mí rẹ̀ bá wà níbì kan, òun ló yẹ kó máa gbàdúrà fún wa. Ẹ wò ó, ẹsẹ̀ tí mo fi purọ́ ti wá rọ nítòótọ́. Mo rọ́ ọ títí ó fi gbàgbé bí wọ́n ṣe ń rìn. Mi ò fi ìyẹn wá àánú. Ó tọ́ sí mi.

Mi ò tọrọ ìdáríjì lọ́wọ́ rẹ, Godit. Ojú mi ò le tó bẹ́ẹ̀. Má gbé ọbẹ̀ wá lọ́la. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní, gbogbo yín ni mo bẹ̀. Wọ́n ti fi ilẹ̀ kan pa mọ́ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri gúúsù ilé ìsìn, níbi tí oòrùn máa ń kọ́kọ́ dé. Ẹ lọ sí ẹ̀yìn odi, ẹ gé èsìsì, ẹ wa Warin jáde. Ẹ gbé e síbẹ̀. Ẹ lu agogo tí ẹ jẹ ẹ́. Ihò tó bá jáde nínú rẹ̀, ẹ má dí i. Ó máa gbà mí. Fada Odo, ẹ ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi, níwájú ìjọ, ẹ ò lè sọ pé ẹ ò gbọ́. Bí Arákùnrin Benet bá ní àwọn ọ̀gá òun ò ní gbà, ẹ bi í pé ta ló ju ẹ̀ka sódò. Tovi, gbé òòlù rẹ. Fọ́ mi.

Reynald dà? Ìwọ tó máa gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ mi, ìwọ tí wọ́n ti fún ní ọ̀bẹ ẹ̀ka. Gbọ́. Bí wọ́n bá ránṣẹ́ pè ọ́, sáré. Bí ẹni tó pè ọ́ bá ti fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ sáré lọ. Bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ìtí tó bá wà níwájú rẹ. Bí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn. Ẹ̀rín kì í pa ènìyàn. Mo ti rí ohun tó ń pa ènìyàn.

Kí lẹ tún ń dúró wò? Ẹ yí ojú sí ẹnu ọ̀nà yẹn. Láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ ni ìkúukùú ti ń kó jọ ní ìwọ̀ oòrùn. Mo rí i kí ẹ tó rí i, bíi ti ìjọ́sí. Reynald ò tíì dé ìdajì oko yín, ọkà yín sì wà níta. Ẹ fi ti Ọlọ́run sílẹ̀, ẹ dé e ní àkẹtẹ̀, kí ẹ kó tiyín wọlé. Ẹ má dúró dè é. Ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ máa sáré lọ.